Wọ́n Bọ́ Aṣọ Ogun, Wọ́n Dé Wíìgì Lọ́yà: Ṣé O Mọ̀?

Ṣé o mọ̀ pé ẹjọ́ ẹlòmíràn ló sọ Johnny Smythe di lọ́yà? Ọmọ Freetown ni, ó sì bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì lọ jagun Hitler. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1943, wọ́n yìnbọn lu ọkọ̀ wọn lókè ilẹ̀ Jámánì. Tòun ti ọgbẹ́ ló bẹ́ sílẹ̀, ó sá pamọ́ sínú abà, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Ó di ẹlẹ́wọ̀n ogun títí di 1945. Nígbà tí ogun parí, tí wọ́n ń fa àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú lọ sílé ẹjọ́ ológun, Smythe ló ń bá wọn rojọ́. Ó mọ̀ ọ́n rò débi pé wọ́n ní kó kúkú lọ kọ́ṣẹ́ òfin. Ó lọ. Nígbà tó délé, ó di agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba Sierra Leone.

Ulric Cross, ọmọ Trinidad, ńkọ́? Ìgbà 80 ló fò lọ sójú ogun nínú ọkọ̀ Mosquito: pákó ni ara rẹ̀, èèyàn méjì péré ló ń gbé, kò sí ìbọn kankan nínú rẹ̀. Cross ló ń tọ́ ọ sọ́nà nínú òkùnkùn. Ó di lọ́yà ní 1949, ó ṣiṣẹ́ òfin ní Gánà àti Kamẹrúùnù, ó ṣe adájọ́ ní Tanzania. Ní 2011, Trinidad fi orúkọ rẹ̀ sọ ibùdó òfuurufú ológun wọn. Ojú rẹ̀ ló ṣe, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé lójú ogun ni Charles Hamilton Houston ti pinnu pé òfin lòun máa kọ́? Ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà ni nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Ní Faransé, àwọn sójà funfun ilẹ̀ tirẹ̀ ló ká a mọ́, díẹ̀ ló kù kí wọ́n pa á. Ó ní bí òun bá yè é, òun á gbèjà àwọn tí kò lè gbèjà ara wọn. Ó lọ kọ́ òfin ní yunifásítì Harvard, ó sì kọ́ Thurgood Marshall nímọ̀ òfin ní yunifásítì Howard. Ó kú ní 1950. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Marshall jàre: yíya ọmọ dúdú sọ́tọ̀ nílé ìwé ìjọba kò bófin mu mọ́. Ó dùn mí pé Houston ò rí i.

Lọ́dọọdún, ní 15 oṣù kìíní, à ń fi òdòdó sí ibojì àwọn akọni tó kú sójú ogun ní Nàìjíríà. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tún máa ka iṣẹ́ àwọn tó bọ̀ láàyè.

Ẹ wo Dudley Thompson, ọmọ Jàmáíkà tóun náà bá Gẹ̀ẹ́sì jagun òfuurufú. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà gbé Jomo Kenyatta, ajìjàgbara ilẹ̀ Kenya, lọ sílé ẹjọ́, Thompson wà lára àwọn lọ́yà tó gbèjà rẹ̀, H.O. Davies tiwa sì gbéra láti Nàìjíríà lọ dúró tì wọ́n. Ní 1992, tó ti pé ẹni ọdún 75, Thompson tún wà nínú ìgbìmọ̀ tí MKO Abiọ́lá ṣe alága fún, tí wọ́n ń béèrè owó ìtanràn òwò ẹrú.