Owó Kì Í Ṣáájú Iṣẹ́: Bí California Ṣe Ń So Agbaṣẹ́ṣe Ilé Mọ́lẹ̀

Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, iná Eaton àti iná Palisades jó ilé gbígbé, ṣọ́ọ̀bù àti ilé mìíràn tó lé ní 16,000 ní àyíká Los Angeles. Altadena, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé aláwọ̀dúdú ti jogún ilé lọ́wọ́ òbí wọn, wà lára ibi tí ọṣẹ́ náà ti pọ̀ jù. Ẹni tí kò bá fẹ́ ta ilẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò bá a kọ́ ilé padà. Irú àsìkò báyìí gan-an ni ọjà máa ń tà fún gbájúẹ̀. Ọkàn onílé kò balẹ̀, owó inṣọ́ránsì ń bọ̀ lọ́nà, ẹnì kan sì gbé ọkọ̀ akẹ́rù dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn: “Ẹ ṣáà san ìdajì wá, ọjọ́ Ajé la máa bẹ̀rẹ̀.”

Ìjọba ìpínlẹ̀ náà mọ ìtàn yìí dáadáa. Lójoojúmọ́ ayé, ẹni tó bá gba iṣẹ́ ilé láìní láísẹ́ńsì ti rú òfin. Àmọ́ bó bá lọ ṣe é ní agbègbè tí ìjọba ti kéde pé àjálù ṣẹlẹ̀, ọ̀ràn náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè sọ ọ́ dèrò ẹ̀wọ̀n.

Contractors State License Board ni orúkọ ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn agbaṣẹ́ṣe ní láísẹ́ńsì ní California, ó sì ti wà láti ọdún 1929. Kí ó tó fún ènìyàn ní ìwé, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́rin ó kéré tán láàárín ọdún mẹ́wàá tó kọjá, kí ó yege nínú ìdánwò, kí ó sì tẹ ìka kí wọ́n lè yẹ ìwà rẹ̀ wò. Oríṣiríṣi ni láísẹ́ńsì náà. Ìsọ̀rí B ni ti agbaṣẹ́ṣe àgbà tó lè kó iṣẹ́ ilé látòkèdélẹ̀. B-2, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2021, wà fún àwọn tó ń tún inú ilé ṣe nìkan, kò sì gbà wọ́n láàyè láti fọwọ́ kan ògiri tó gbé ilé ró. Àwọn tó ń fa wáyà, C-10 ni tiwọn, àwọn púlọ́ńbà sì ní C-36. Iṣẹ́ kéékèèké tí owó rẹ̀ kò tó $1,000, tí kò gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé, tí ẹni tó ń ṣe é kò sì gba òṣìṣẹ́ sí i, kò nílò láísẹ́ńsì. $500 ni ààlà náà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sókè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé láísẹ́ńsì kì í ṣe ẹ̀rí pé ọwọ́ ẹnì kan mọ́ níbi iṣẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni náà ní orúkọ àti nọ́ńbà tí a lè fi mú un. Gbogbo agbaṣẹ́ṣe tó ní láísẹ́ńsì gbọ́dọ̀ ní onídùúró, ìyẹn ilé iṣẹ́ kan tó fọwọ́ sí i pé bí ọkùnrin yìí bá ṣe màgòmágó, òun yóò san tó $25,000. Bí ẹni tó fọwọ́ sí ìwé fún ọ̀rẹ́ tó fẹ́ yáwó ni. Àmọ́ ẹ má gbójú lé owó náà jù. $25,000 yìí kì í ṣe ti onílé kan ṣoṣo. Gbogbo ẹni tí agbaṣẹ́ṣe náà bá jẹ ní ìyà, títí kan àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀, ni yóò jọ máa dù ú. Kí ni $25,000 sì fẹ́ ṣe fún ẹni tí ilé rẹ̀ kò tíì ju ìpìlẹ̀ lọ?

Ní tèmi, ibi tí òfin California ti gbọ́n jù ni ọ̀rọ̀ owó àsansílẹ̀. Nínú àdéhùn àtúnṣe ilé, owó tí agbaṣẹ́ṣe lè gbà kí ó tó fọwọ́ kan nǹkankan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo owó iṣẹ́ lọ, kò sì gbọdọ̀ ju $1,000 lọ. Èyí tó bá kéré nínú méjèèjì ni òfin ń tẹ̀lé. Bí iṣẹ́ kíṣìnì bá jẹ́ $60,000, ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ $6,000, síbẹ̀ $1,000 náà ni ó lè gbà. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ $4,000, $400 péré ni. Lẹ́yìn ìyẹn, owó tí onílé ń san kò gbọdọ̀ ju iṣẹ́ tí a ti ṣe àti ohun èlò tí a ti já sílẹ̀ lọ. Àwọn agbaṣẹ́ṣe díẹ̀ wà tí òfin yọ sílẹ̀ nítorí pé onídùúró tiwọn tóbi ju ti àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ rárá. Láti ọdún 2021 sì ni wọ́n ti ka kíkọ́ ilé tí àjálù bà jẹ́ padà mọ́ àtúnṣe ilé, nítorí náà ẹni tí ilé rẹ̀ jó di eérú wà lábẹ́ ààbò yìí náà.

Ẹni tó bá ti kọ́lé ní Ìbàdàn tàbí Ìkòròdú mọ ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ onílé níbẹ̀ fi ń ra sìmẹ́ǹtì, iyanrìn àti irin fúnra wọn, tí wọ́n sì ń san owó iṣẹ́ fún bíríkìlà díẹ̀díẹ̀. Ní California, agbaṣẹ́ṣe ló ń ra nǹkan, ó sì yẹ kí ó ní owó tàbí ojú àwìn tó lè fi rà á. Èyí tó bá ní òun kò lè ra pákó àyàfi tí ẹ bá kó $20,000 fún òun ti jẹ́wọ́ ohun kan fún yín: bóyá kò lówó lọ́wọ́, bóyá owó yín ló fẹ́ fi parí iṣẹ́ onílé mìíràn tó ti ná owó rẹ̀ tán.

Sísan owó bó ṣe yẹ pàápàá kò tíì tó. Agbaṣẹ́ṣe àgbà kì í dá gbogbo iṣẹ́ ṣe. Ó ń gbé wáyà fún ẹnì kan, páìpù fún ẹlòmíràn, ó sì ń gba pákó láwìn. Bí ẹ bá san owó fún un tí òun kò sì san fún wọn, òfin gbà wọ́n láàyè láti fi ìwé gbẹ́sẹ̀ lé ilé yín. Ẹ lè wá san owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kí ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n ta ilé náà láti fi san án. Láàárín ogúnjọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tàbí tó kó ọjà dé, ó yẹ kí ó fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí onílé. Ọ̀pọ̀ ló ń gba ìwé yìí tí wọ́n á bínú, wọ́n á rò pé gbèsè ti dé. Kì í ṣe gbèsè. Orúkọ ẹni tí owó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Kí ẹ tó san owó tó kàn, ẹ gba ìwé tí ẹni náà fọwọ́ sí pé òun ti gba tòun, òun kò sì ní fọwọ́ kan ilé mọ́. Àwọn onílé mìíràn a máa kọ orúkọ agbaṣẹ́ṣe àti ti ẹni tó kó pákó wá papọ̀ sórí ṣẹ́ẹ̀kì kan.

Ẹni tí kò ní láísẹ́ńsì wà lábẹ́ òfin tó le ju gbogbo èyí lọ. Kò lè pe onílé lẹ́jọ́ gba owó iṣẹ́ rẹ̀, kódà bí iṣẹ́ náà bá dára. Onílé sì lè pè é lẹ́jọ́ kí ó dá gbogbo owó tí ó ti gbà padà. Ó dà bí ìwà ìkà lójú àwọn kan, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń lé ọ̀pọ̀ lọ síbi ìdánwò.

Láàárín àwọn èèyàn wa lókè òkun, ibi mìíràn ni ọ̀rọ̀ máa ń gbà. “Ọmọ ìjọ wa ni.” “Èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ lọ iléèwé ni.” Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ẹ mọ̀ kò ní san owó ilé ìwòsàn bí òṣìṣẹ́ bá já bọ́ lórí òrùlé yín. Bí agbaṣẹ́ṣe kò bá ní inṣọ́ránsì fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà lè dé ọ̀dọ̀ onílé. Àwọn kan tún wà tó ń yá nọ́ńbà láísẹ́ńsì ẹlòmíràn lò. Ẹ fi nọ́ńbà náà wá orúkọ lórí ìkànnì ìgbìmọ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó bá káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó dúró níwájú yín mu, bóyá ìsọ̀rí rẹ̀ bá iṣẹ́ náà mu, bóyá onídùúró àti inṣọ́ránsì rẹ̀ ṣì wà láàyè, àti bóyá wọ́n ti bá a wí rí. Iye iṣẹ́ náà, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, lórí ìwé. Bí ẹ bá sì fọwọ́ sí àdéhùn tán tí ọkàn yín yí padà, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ni òfin fi sílẹ̀ láti wọ́gi lé e nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn àtúnṣe ilé, márùn-ún fún ẹni tó bá ti pé ọdún 65.

Àwọn tó wà ní Houston, tí Yorùbá pọ̀ sí, kò ní ọ̀pọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí. Texas kò ní láísẹ́ńsì ìpínlẹ̀ kankan fún agbaṣẹ́ṣe àgbà. Ó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní ọdún 2003 tí àwọn kọ́lékọ́lé ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin jẹ́ kí ó kú ní ọdún 2009. Àwọn tó ń fa wáyà àti àwọn púlọ́ńbà nìkan ni ìpínlẹ̀ ń fún ní láísẹ́ńsì nínú àwọn tí a ti dárúkọ. Níbẹ̀, àdéhùn tí ẹ bá kọ ni òfin yín, ó sì yẹ kí ẹ béèrè ìwé inṣọ́ránsì lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì fúnra rẹ̀.

Ohun kan tó kan gbogbo ibi ni ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Bí agbaṣẹ́ṣe bá ní kí ẹ̀yin lọ gbà á lórúkọ ara yín kí iṣẹ́ lè yá, ẹ dá a dúró. Lójú ìjọba, ẹni tó gba ìwé yẹn lórúkọ ara rẹ̀ ni ọ̀gá iṣẹ́: òun ni olùyẹ̀wò yóò pè bí ògiri bá wọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n sì lè ti béèrè owó orí àti inṣọ́ránsì àwọn tó ń po kọnkéré.