Bátìrì Tó Ń Yáná: Ohun Tí Òtútù Ń Fojú Lítíọ́mù Rí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ kan. Tí mo bá ní tírélà níbí, mi ò sọ ti ọkọ̀ gbọ̀ngbọ̀nràn tó ń kó sìmẹ́ǹtì o. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní travel trailer ni mò ń sọ: ilé kékeré orí táyà, tó ní ibùsùn, sítóòfù, fíríìjì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí wọ́n máa so mọ́ ìdí ọkọ̀ wọn. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú sí, ibẹ̀ nilé.

Ní Minnesota tí mò ń gbé, àwọn kan ò kì í gbé tiwọn pamọ́ nígbà òtútù. Wọ́n á wọ́ ọ lọ sórí adágún Mille Lacs tí omi rẹ̀ ti di yìnyín, wọ́n á dá ihò sí i, wọ́n á máa pẹja láti inú ilé. Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa, ọmọ Ìjẹ̀bú pọ́nńbélé, ti kó sínú ọ̀rọ̀ ẹja yìí. Ó fẹ́ yọ bátìrì àtijọ́ inú tírélà rẹ̀, kó fi lítíọ́mù méjì rọ́pò, ó wá pè mí. "Àbúrò, wọ́n ní ọ̀kan wà tó ní hítà nínú. Bátìrì tún ń yáná kẹ̀? Àbí wọ́n kàn fẹ́ gbowó ọwọ́ mi ni?"

Kì í ṣe jìbìtì, bọ̀dá. Nǹkan tó wà níbẹ̀ ju owó lọ. Hítà tó ń mú inú tírélà gbóná ń jó gáàsì lóòótọ́, ṣùgbọ́n fáànù tó ń fẹ́ ooru náà kiri, iná bátìrì ló ń lò. Bí bátìrì bá kú ní aago méjì òru, ì báà jẹ́ pé gáàsì kún sílíńdà fọ́fọ́, hítà ò ní tàn. -20°C sì lè wà níta, ìyàwó àtọmọ mẹ́ta wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Bátìrì tí à ń sọ yìí, LiFePO4 ni wọ́n ń pè é: lítíọ́mù, irin àti fọ́síféètì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo sóláà nílé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun náà ló wà lábẹ́ ínfátà yín. Ní 1997 ni John Goodenough àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Texas tó wà ní Austin kọ ìwé jáde lórí ẹ̀. Goodenough náà wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísìrì ní 2019, nígbà tó pé ẹni ọdún 97. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní fóltì 3.2, mẹ́rin tí wọ́n bá tò tẹ̀lé ara wọn ló ń di 12.8, òun la wá ń pè ní bátìrì 12 fóltì.

Kí ni òtútù wá ń ṣe fún un? Ẹ fojú inú wo dáńfó kan ní Ọ̀jọ́ta. Tí ẹ bá ń gba bátìrì láyè kó máa gba iná, àwọn ẹ̀yà lítíọ́mù tíntìntín ń kúrò lápá kan, wọ́n ń lọ jókòó sínú gráfáìtì lápá kejì (gráfáìtì yẹn náà ló wà nínú pẹ́ńsù yín). Gráfáìtì ni dáńfó, lítíọ́mù ni èrò. Tí ara bá móoru, ìlẹ̀kùn ṣí, èrò ń wọlé, kálukú ń rí àga jókòó. Tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 0°C, ìlẹ̀kùn di rándanràndan. Èrò ò yéé dé, nítorí ṣájà ń tì wọ́n lẹ́yìn, wọn ò sì tètè ráyè wọlé. Ni wọ́n bá kúkú dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n di irin gidi lára gráfáìtì.

Irin yìí ni wàhálà. Púpọ̀ nínú ẹ̀ ò ní padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́, torí náà agbára bátìrì ti dín nìyẹn, títí láé. Ó tún lè hù ṣónṣó bí abẹ́rẹ́, kó gún awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó pín apá méjèèjì níyà. Èyí tó sì burú jù ni pé ẹ ò ní rí nǹkan kan lójú. Kò ní rùn, kò ní ṣèéfín. Bátìrì kàn ń darúgbó lójijì.

Ẹ kíyè sí i pé gbígba iná sínú ni mo ń sọ. Láti fún yín níná jáde, púpọ̀ nínú wọn lè ṣe é dé -20°C. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú bátìrì, BMS, òun ni máígàádì. Tó bá rí i pé òtútù ti pọ̀, á ti géètì: "Ẹ má gbé iná wọlé." Tó bá tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, á ti géètì ìjáde náà pa.

Ibẹ̀ ni hítà ti wọlé. Awọ pẹlẹbẹ kan ni, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ sẹ́ẹ̀lì, ó ń gbóná bíi ti áyọ́ọ̀nù ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́. Nígbà tí ṣájà bá dé, máígàádì á kọ́kọ́ darí iná sí hítà. Tí sẹ́ẹ̀lì bá dé bíi 5°C, á wá ṣílẹ̀kùn fún èrò. Ẹ jẹ́ ká ṣèṣirò ẹ̀. Ká ní bátìrì wọn kìlò 12, kó tó gbóná pẹ̀lú dígírì kan, kìlò kọ̀ọ̀kan ń gbà tó 1,000 joule. Láti -15 dé 5, dígírì 20 ni: 240,000 joule. Hítà 60 watt á gba ìṣẹ́jú àáyá 4,000, ìyẹn wákàtí kan ó lé, láìka ooru tó ń sá lọ.

Ẹ wá gbé e lé sóláà. Pánẹ́ẹ̀lì 100 watt láàárọ̀ ọjọ́ òtútù, tí oòrùn ṣì wà nísàlẹ̀, ká ní ó ń mú 30 wá. Ìdajì oúnjẹ hítà nìyẹn. Ilẹ̀ lè ṣú kí bátìrì má tíì gba ẹyọ kan. Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbára lé sóláà nìkan, kó kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á pé: hítà yìí, ṣé ti ṣájà ló ń lò, àbí ti bátìrì fúnra ẹ̀? Èyí tó bá ń lo ti bátìrì lè mu ún gbẹ tí wọ́n bá gbé tírélà kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ó ku wáyà, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bátìrì àtijọ́ tí ẹ̀gbọ́n ń lò jẹ́ méjì, 6 fóltì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n so ní síríìsì: pọ́sítíìfù ọ̀kan mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù èkejì. Ó dà bí ìgbà tí ẹ gbé táńkì omi kan lé orí èkejì. Omi ń já wálẹ̀ láti òkè sí i, 6 pẹ̀lú 6, ó di 12. Lítíọ́mù tuntun jẹ́ 12 kọ̀ọ̀kan, párálẹ́ẹ̀lì ló yẹ wọ́n: pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, táńkì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Gíga ò yí padà, omi ló pọ̀ sí i: 100Ah di 200Ah. Ẹni tó bá fi wáyà àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, tó kàn pààrọ̀ bátìrì, ó ti rán fóltì 24 sínú ilé tí wọ́n ṣe fún 12. Gílóòbù, ẹ̀rọ omi, bọ́ọ̀dù hítà, ó lè jó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nínú párálẹ́ẹ̀lì náà, ẹ má fa pupa àti dúdú láti ara bátìrì kan ṣoṣo. Ẹ fa pupa láti àkọ́kọ́, dúdú láti ìkejì, kí wáyà wọn sì gùn dọ́gba. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èyí tó sún mọ́ ìta ni yóò máa ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù.

Òtútù tún ń dá sí èyí. Ká ní bátìrì kan ti móoru, tí èkejì ò tíì móoru. Ṣájà 60 ámpù tó yẹ kí wọ́n pín ní 30-30, ọ̀kan ló máa gbé gbogbo ẹ̀. Ínfátà 2,000 watt burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń fa bíi 167 ámpù ní 12 fóltì. Tí máígàádì kọ̀ọ̀kan ò bá gbà ju 100 lọ, tí ọ̀kan bá ti géètì ẹ̀, èkejì náà á tì í kíákíá, gbogbo ilé á ṣókùnkùn. Mo gbà pé kí wọ́n wà lójúkan náà, kí otútù wọn dọ́gba.

167 ámpù yẹn ò gba wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ o. Ìdènà 0.005 ohm péré nínú wáyà, ooru 139 watt ló máa dá sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Fíùsì sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí bátìrì, kì í ṣe lápá ibi tí ínfátà wà, nítorí wáyà tó wà ṣáájú fíùsì ò lólùgbèjà. Tí pupa bá kan dúdú, lítíọ́mù lè tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ámpù síta. Class T ni kí ẹ béèrè, ó lè já irú iná bẹ́ẹ̀.

Ní tèmi, hítà tó dáa jù ni inú ilé fúnra ẹ̀. Wọ́n ń gbé bátìrì ásíìdì sí iwájú tírélà nítorí gáàsì hydrogen tó ń tú jáde. LiFePO4 kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ lè gbé e sábẹ́ àga, níbi tí ẹ̀yin náà ti ń móoru. Wáyà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ má gbàgbé tẹ́ ẹ bá ń gbé e wọlé: ti bírékì pàjáwìrì. Tí tírélà bá já kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ lójú títì, iná bátìrì ni bírékì yẹn fi ń di táyà mú. Ẹ so ó tààrà mọ́ bátìrì, pẹ̀lú fíùsì tirẹ̀ bí ìwé tírélà bá ṣe wí, kó má gba inú swíìṣì tẹ́ ẹ fi ń pa iná ilé kọjá.