Àmì Ọ̀dà Ọkọ̀: Ìtumọ̀ Rẹ̀ àti Ibi tí a ti Ń Rí I

Bí ọ̀dà ara ọkọ̀ bá họ, kò tó kí a sọ fún pẹ́ńtà pé ‘funfun ni’. Ó yẹ kí a wá àmì ọ̀dà rẹ̀, èyíinì ni nọ́ńbà tàbí lẹ́tà tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà fi dá ọ̀dà rẹ̀ mọ̀.

A kò pè é ní ‘àmì àwọ̀’, nítorí àpòpọ̀ ọ̀dà ni ó ń tọ́ka sí. Funfun ni a ó pe Toyota tí àmì rẹ̀ jẹ́ 040. Funfun náà ni a ó pe èyí tí tirẹ̀ jẹ́ 070. Ṣùgbọ́n 040 kò ní ohun dídán nínú, nígbà tí 070 ní ìpele kan tí ń dán bíi péálì. Bí a bá fi èkíní tún èkejì kùn, àbùlẹ̀ ni yóò jọ.

Lára Toyota, ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ wo òpó irin tí ilẹ̀kùn náà ń tì mọ́. Àkọlé pélébé kan wà níbẹ̀. Ẹ wá C/TR lára rẹ̀. Nínú ohun tí ó tẹ̀lé e, àkọ́kọ́ ni àmì ọ̀dà. Èkejì jẹ́ ti ohun ọ̀ṣọ́ inú ọkọ̀. Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ Volkswagen, inú búùtù ni àkọlé náà wà, nítòsí sípíà táyà.

Oòrùn a máa mú kí ọ̀dà ṣá. Nítorí náà, kí pẹ́ńtà kọ́kọ́ dán èyí tí ó pò wò lára páànù. Àmì ọ̀dà ń sọ ohun tí a fi kun ọkọ̀ ní ilé-iṣẹ́; àwọ̀ ni ohun tí ojú ń rí lónìí. Kí àwọn olùtumọ̀ má ṣe da méjèèjì pọ̀.