Àfòmọ́ Inú Ilẹ̀ Tí Ń Pa Àgbàdo

Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ àfòmọ́ orí igi, èyí tí àwọn baba wa sọ pé kò ní gbòǹgbò, ṣùgbọ́n tí ó ń bá igi gbogbo tan. Òmíràn wà tí ojú kì í tètè rí, nítorí pé abẹ́ ilẹ̀ ni ó ti ń jẹun. Èpò ni, òdòdó rẹ̀ sì jọ àwọ̀ àlùkò tí kò kún. Striga ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn láti Kwárà lọ sí àríwá Nàìjíríà, àti ní ilẹ̀ Benin àti Tógò. Àgbàdo àti ọkà bàbà ni ó ń bá jà jù.

Ó ń fi gbòǹgbò rẹ̀ wọ inú gbòǹgbò àgbàdo, ó sì ń fa omi àti oúnjẹ rẹ̀ mu. Àgbàdo yóò máa rọ bí ẹni pé ọ̀dá dá, bí ilẹ̀ tilẹ̀ tutù. Kí èpò náà tó yọrí sókè, ó ti ṣe ọ̀pọ̀ nínú ibi rẹ̀.

BÍ Ó ṢE Ń MỌ̀ PÉ ÀGBÀDO WÀ NÍTÒSÍ

Hóró rẹ̀ kéré bí eruku. Ẹyọ kan lè so hóró tí ó ju 50,000 lọ, hóró náà sì lè wà láàyè nínú ilẹ̀ fún ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Òjò nìkan kì í mú un hù. Bí ó bá hù, tí kò sì rí gbòǹgbò wọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, yóò kú. Nítorí náà ni ó ṣe ń dúró de àmì.

Gbòǹgbò irúgbìn ni ó ń fún un ní àmì náà. Ní ọdún 1966, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà yọ ohun tí ń mú un hù láti ara gbòǹgbò òwú. Ṣùgbọ́n kí ni irúgbìn ń wá tí ó fi ń pe ọ̀tá? Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ ní Japan rí ìdáhùn: kì í ṣe ọ̀tá ni ó ń pè. Ẹ̀yà olú kan ni, tí okùn rẹ̀ tín-ín-rín ju irun lọ. Olú yìí ń bá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wá láti ibi tí gbòǹgbò kò lè dé, irúgbìn a sì fún un ní ṣúgà, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ méjì ti ń ṣe àáró.

Bí ilẹ̀ bá ṣe ṣá tó, bẹ́ẹ̀ ni ìpè náà ń le tó. Striga ń gbọ́ ọ, ó sì ń jí. Ìdí nìyí tí ó fi ń gbilẹ̀ níbi tí a ti ń gbin ọkà lọ́dọọdún láìsí ìsinmi, láìsí ajílẹ̀.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE

1. Ẹ bọ́ ilẹ̀. Ẹ lo ìgbẹ́ ẹran tí ó ti jiná àti ajílẹ̀ tí ó ní náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Àgbàdo tí ó yó kì í ké púpọ̀.

2. Ẹ tan èpò náà jẹ. Gbòǹgbò sóyà, ẹ̀pà àti òwú ń jí hóró rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè rí ọ̀nà wọ inú wọn. Ebi a sì pa á. Ẹ máa gbìn wọ́n ní ìpààrọ̀ pẹ̀lú àgbàdo. Ọdún kan kò tó láti pa gbogbo hóró náà run. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀wà, nítorí irú Striga mìíràn ń jẹ ẹ́.

3. Ẹ fa á tu kí ó tó so. Èyí tí ó bá ti tanná, ẹ kó o kúrò lóko, kí ẹ sì dáná sun ún.

4. Ẹ má ṣe gba irúgbìn láti oko tí èpò yìí wà. Ẹ nu ọkọ́ yín kí ẹ tó bọ́ sí oko mìíràn.

5. Ẹ bèèrè irúgbìn tí ó lè fara dà á. SAMMAZ 15 àti SAMMAZ 16, iṣẹ́ ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, jáde ní Nàìjíríà ní ọdún 2008. Irúgbìn yìí nìkan kò tó. Ẹ fi àwọn ìmọ̀ràn ìṣáájú kún un.

FÚN Ẹ̀YIN ẸGBẸ́ ALÁJẸṢẸ́KÙ

Àgbàrá òjò, ẹran ọ̀sìn àti ọkọ́ ń gbé hóró yìí láti oko dé oko. Bí ẹnì kan bá tu tirẹ̀, tí aládùúgbò rẹ̀ fi tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó so, iṣẹ́ ọdún 10 ni ó fi lé àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Ẹ jọ ra irúgbìn tí ó mọ́, ẹ jọ dá ọjọ́ ìfatu, kí ẹ sì jọ ṣe é kí òdòdó tó yọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.