Kí Ni Kí A Gbìn Síbi Tí Omi Ti Kọjá?

Ẹ̀yin ará wa, omi ti fà, ẹrẹ̀ sì ti ń gbẹ. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní àyíká Ọjà Ọba ń bi wá léèrè ohun tí wọ́n lè gbìn sí ẹ̀yìnkùlé wọn. Ìbéèrè gidi ni, nítorí nígbà tí omi bá ti gbé ọjà lọ, ọgbà kékeré ni ẹlòmíràn fi ń rí ọbẹ̀ sè. Ṣùgbọ́n kí a tó dárúkọ irúgbìn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀.

A ní àṣìṣe tiwa láti jẹ́wọ́. Lọ́dún kan, lẹ́yìn òjò, a pín ọ̀dọ́ igi ìbẹ́pẹ fún gbogbo ilé bákan náà. A kò béèrè bí omi ṣe ń ṣe lẹ́yìnkùlé ẹnì kọ̀ọ̀kan. Níbi tí omi ti ń dúró, ewé wọn pọ́n, gbòǹgbò wọn jẹrà, wọ́n sì kú. Ó rí bí òwe afúnrúgbìn tí Olúwa wa pa: irúgbìn kò yàtọ̀, ilẹ̀ ló yàtọ̀.

Òkè àti àpáta ló pọ̀ ní Adó. Omi òjò kì í wọnú àpáta. Ńṣe ló ń ya wá sí ibi tó rẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí ilé méjì tó fara kanra fi lè ní ilẹ̀ tí kò jọra. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbòǹgbò ń mí: bí omi bá dúró pẹ́, kò sí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ yóò gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìdánwò ihò

Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 1. Ẹ bu omi kún un. Bó bá fà tán, ẹ tún bu omi kún un. Bí omi kejì yìí bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ tí omi ń dúró sí nìyẹn.

Ibi tí omi ń dúró

Kókò, ìrèké àti amúnútutù fẹ́ràn ilẹ̀ tútù. Bí ibẹ̀ bá ní ìbòòji, ewé eéran yóò ṣe dáadáa, ó sì ṣeé tà fún àwọn tó ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ẹ má gbin ìbẹ́pẹ, ẹ̀gẹ́, iṣu, ata tàbí tòmátì síbẹ̀. Bó bá di dandan, ẹ kọ ebè tó ga dé orúnkún, tàbí kí ẹ gbin ata sínú àpò tí ẹ ti dá ihò sí nísàlẹ̀.

Ibi tí omi ń wọ́ ilẹ̀ lọ

Ẹ gbin ewé tíì tí a máa ń sè mu ní ìlà tó dábùú ọ̀nà omi, kí ìdí rẹ̀ súnmọ́ra. Gbòǹgbò rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú. Ẹ da ìtàkùn ọ̀dùnkún sẹ́yìn ìlà náà kó lè bo ilẹ̀.

Ibi tí ìdọ̀tí dé

Bí omi ṣáláńgá bá kún dé ibẹ̀, ẹ dúró tó oṣù 3 sí 4 kí ẹ tó kórè ohun tí a ń jẹ ní tútù níbẹ̀, kí ẹ sì se ẹ̀fọ́ jinná dáadáa. Bó bá jẹ́ pé epo mẹkáníìkì tàbí omi bátìrì ọkọ̀ ló ṣàn wá, ẹ má gbin oúnjẹ rárá. Òjé inú bátìrì kì í kú sínú iná. Òdòdó tàbí koríko ni kí ẹ gbìn síbẹ̀.

Ẹ má gbin nǹkan kan sínú gọ́tà

A mọ̀ pé kókò máa ń tóbi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kókò tó dí gọ́tà yín ni yóò darí omi sínú yàrá aládùúgbò yín nígbà òjò tó ń bọ̀.

Kí ẹ tó lọ gba irúgbìn lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ ìjọ yín, ẹ ṣe ìdánwò ihò yìí, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí fún wọn. A kò ní pín ohun kan náà fún gbogbo ilé mọ́. Kí Olúwa bù kún iṣẹ́ ọwọ́ yín.