Àpótí Púpọ̀, Olùdarí Kan

Bí a bá ń rìn láti àjà kan dé èkejì nínú ilé ìkàwé Robarts ní Yunifásítì Toronto, fóònù wa kì í sábà já kúrò lórí eduroam. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí a háyà, bí a bá ti bọ́ sí yàrá kejì, ọ̀rọ̀ ti já lẹ́nu ìyá tí a ń bá sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn. Kí ló fà á?

Nínú ilé bẹ́ẹ̀, olúkúlùkù ra àpótí Wi-Fi tirẹ̀, gbogbo wọn sì ń pariwo lójú ọ̀nà kan náà. Lórí ìgbì 2.4 GHz, ọ̀nà 11 ni a ń lò ní Kánádà, ṣùgbọ́n 1, 6 àti 11 nìkan ni a lè lò pọ̀ tí wọn kò ní dí ara wọn lọ́wọ́.

Níbi tí àpótí bá pọ̀ sí, ẹ̀rọ olùdarí kan ni ó máa ń ṣe ìyáàlù. Òun ni í pín ọ̀nà fún wọn, tí í rẹ ohùn èyí tí ó ń pariwo jù sílẹ̀, tí í sì fi páásíwọ́ọ̀dù kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Bí ọ̀kan bá kú, yóò mọ̀.

Ṣùgbọ́n bí ìyáàlù bá ṣìnà, gbogbo agbo ni yóò ṣìnà: ẹni tí ó bá jí kọ́kọ́rọ́ olùdarí ti gba gbogbo àpótí.

Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń gbélé, ẹ dáwó jọ, ẹ ra àpótí tí olùdarí kan lè darí, ẹ yan ẹnìkan tí yóò máa bójú tó o, kí ẹ sì pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù tí ó bá a wá lọ́jọ́ náà gan-an. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.