Kí Ọ̀dọ́ Wa Má Baà Di Ọ̀daràn: Ìgbà Èwe ni Iṣẹ́ ti ń Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá ti ra ọ̀pẹ gbígbìn ní ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tó wà ní Pọ́bẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe inú oko ni ọ̀pẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀. Inú àpò kékeré tí a rọ ilẹ̀ sí ni a ti kọ́kọ́ ń tọ́jú rẹ̀. À ń bomi rin ín, à ń tu koríko ìdí rẹ̀, à ń ṣọ́ ọ kí kòkòrò má jẹ ẹ́, fún bí ọdún kan, kí a tó gbé e lọ sí oko. Àgbẹ̀ tó bá fo ìtọ́jú yìí, tó wá ń gbé ajílẹ̀ lọ bá ọ̀pẹ tó ti dàgbà sínú ìyà, wàhálà lásán ló ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn kò yàtọ̀ sí èyí. Ní Ita-Djèbou, ní Sàkẹ́tẹ́ àti ní Pọ́bẹ̀, bí wọ́n bá mú ọ̀dọ́ kan lórí ẹ̀sùn olè tàbí jìbìtì, ìbéèrè tó máa ń jáde lẹ́nu ènìyàn ni pé: "Ta ló bí i?" Ìbéèrè yìí a máa dójú ti ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í gba ọmọ mìíràn là. Èyí tó yẹ kí a máa bèèrè ni pé: nígbà tó wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, ta ló ń wò ó? Nígbà tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, ta ló lọ wá a délé?

Bí ọmọ ṣe ń ṣìnà

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn wo ọmọ kan, tí kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni ní pàtó, ṣùgbọ́n tí gbogbo wa mọ irú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti sọdá ààlà lọ wá iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ a máa jáde lọ sí ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ náà a lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láìjẹun. Nígbà tí ebi bá ń pa á, kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń wí mọ́. Ó pa ilé ẹ̀kọ́ jẹ lọ́jọ́ kan, ẹnikẹ́ni kò bèèrè. Ó pa á jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹnikẹ́ni kò bèèrè. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan ní kí ó bá òun gbé kéègì kpayo, ó sì fún un ní owó díẹ̀. Ó gbé owó náà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá gbà á, nítorí kò sí nílé. Kò sí ọjọ́ kan pàtó nínú ìtàn yìí tí a lè fi ìka tọ́ pé ọjọ́ yìí ni ọmọ náà bàjẹ́. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè rẹ̀ ló pọ̀.

Kí a má ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ìṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tálákà ni kò sì fọwọ́ kan ohun olóhun rí. Ìgbà tí ìṣẹ́ àti àìrí-ẹni-bèèrè-ẹni bá pàdé lórí ọmọ kan ṣoṣo ni ewu dé.

Ewu ààlà

Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Nàìjíríà ni aládùúgbò wa, ìbátan sì pọ̀ láàrin àwa àti àwọn ará òdìkejì. Òwò ààlà ti bọ́ ọ̀pọ̀ ilé, a kò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n òwò tó gbára lé ààlà lè dojú dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ààlà orí ilẹ̀ rẹ̀; ó di oṣù kejìlá ọdún 2020 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, owó kpayo sì fò sókè lójú ọ̀nà wa. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún náà gan-an, ibi ìpamọ́ kpayo kan gbiná ní Sèmè-Kraké, iná náà sì pa ènìyàn tó lé ní 30.

Nígbà tí òwò bá dojú dé báyìí, àgbàlagbà lè padà sí oko tàbí sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí kpayo kò ní ibi tí yóò padà sí. Kò ní ìwé ẹ̀rí CEP, kò sì kọ́ iṣẹ́. Ní àkókò yẹn ni ọ̀rẹ́ kan yóò fi fóònù hàn án, tí yóò sì kọ́ ọ bí a ṣe ń lu ènìyàn ní jìbìtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ àwọn tí a ń pè ní gayman. Owó ibẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ibẹ̀ náà yá: òfin Code du numérique ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018 fi ìyà ńlá sí i, ilé ẹjọ́ CRIET ní Àjàṣẹ́ sì ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tí ọmọ fi ń bọ́ lọ́wọ́ ojú ẹbí ni kí a fi í ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn. Ní ọdún 2003, àwọn aláṣẹ rí àwọn ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n ń fọ́ òkúta níbi ìwakùsà ní agbègbè Abẹ́òkúta. Àwọn tí a kó padà wálé lọ́dún náà lé ní 100. Àwọn òbí wọn kò kórìíra wọn. Wọ́n ti gbàgbọ́ pé ọmọ ń lọ síbi tó sàn. Òfin oṣù kẹrin ọdún 2006 ti wá fi ìdènà sí kíkó ọmọ kiri lọ́nà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò lè dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan. Aládùúgbò ló wà níbẹ̀.

Ohun tí ìwádìí kan fi hàn

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìtọ́jú èwe dára létí, ṣùgbọ́n ṣé a lè fi ojú rí èrè rẹ̀? Ní ìlú Ypsilanti ní Amẹ́ríkà, láàrin ọdún 1962 sí 1967, àwọn olùkọ́ kan mú ọmọ aláwọ̀ dúdú 123 láti ilé àwọn tálákà. Wọ́n kó 58 nínú wọn sí ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi láti ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àwọn yòókù kò ní irú àǹfààní náà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, olùkọ́ a tún máa lọ sí ilé ọmọ kọ̀ọ̀kan, a jókòó ti ìyá àti ọmọ.

Wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọmọ náà títí wọ́n fi di ẹni ogójì ọdún. Nínú 100 àwọn tí a kò ràn lọ́wọ́, 55 ni ọlọ́pàá ti mú ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú 100 àwọn tí a ràn lọ́wọ́, 36 ni. Àwọn tó parí ilé ẹ̀kọ́ girama jẹ́ 77 nínú 100 ní apá kan, 60 ní apá kejì. Ìrànlọ́wọ́ ọdún kan tàbí méjì kò sọ gbogbo wọn di ènìyàn mímọ́, ṣùgbọ́n ó yí ọ̀nà ọ̀pọ̀ padà. Ẹ kíyè sí i pé olùkọ́ kò dúró sí ilé ẹ̀kọ́ nìkan. Ó wọlé tọ ìyá lọ.

Ohun tí àwọn bàbá wa ti mọ̀

Kí a tó gbọ́ orúkọ Ypsilanti ni àwọn àgbà wa ti sọ pé ojú méjì ló ń bí ọmọ, igba ojú ló ń wò ó. Nínú agbo ilé àtijọ́, bí ìyá bá lọ sí ọjà, ìyá àgbà wà nílé. Bí ọmọ bá jí ẹyin, ẹni àkọ́kọ́ tó rí i ló máa bá a wí, òun náà ló sì máa fún un ní oúnjẹ bí ebi bá ń pa á. Lónìí, a ti fi ìbáwí sílẹ̀ fún ọlọ́pàá, a sì ti fi oúnjẹ sílẹ̀ fún ìyá nìkan. Pàṣán tí ó wà lọ́wọ́ wa kò lè dípò igba ojú náà. Ọmọ tí a ń nà láìbèèrè ohun tó ń ṣe é yóò kọ́ bí a ṣe ń fi nǹkan pamọ́.

Ohun tó wà ní àrọ́wọ́tó wa

A kò níláti dúró de owó ńlá. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba kò gba owó ilé ẹ̀kọ́ mọ́ láti ọdún 2006. Láti ọdún 2017, ètò oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń pè ní PNASI ti ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́. Ó yẹ kí àwọn òbí mọ̀ bóyá ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wọn wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì ṣọ́ bí oúnjẹ náà ṣe ń lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ Guichet unique de protection sociale wà fún ìdílé tó wà nínú ìṣòro. Ẹni tó bá sì rí ọmọ tí a ń fìyà jẹ lè pe nọ́ńbà 138 láìsan owó.

Èyí tó kù, ọwọ́ wa ló wà. Ẹ̀yin òbí, ẹ gba ìwé ìbí ọmọ yín láti ìgbà tó bá ti dáyé, kí ìdánwò CEP má baà bá a láìní i. Ẹ̀yin ìyá tó ń dá àjọ, ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún ìwé àti oúnjẹ ọmọ ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá pa ilé ẹ̀kọ́ jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ rán ẹnì kan sílé rẹ̀. Ẹ̀yin olórí àdúgbò, alùfáà àti ìmáàmù, ẹ mọ orúkọ àwọn ọmọ tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní àdúgbò yín, bí ẹ ti ń mọ orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí ní Yorùbá àti Faransé, ẹ̀yin gan-an ni igba ojú tuntun. Kí olúkúlùkù yín mú ọmọ kan, kí ó máa bá a ka ìwé ní ìrọ̀lẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ kò níláti jẹ́ olùkọ́. Ohun tí ọmọ náà nílò jù ni ẹni tí yóò mọ̀ bí kò bá wá.

Kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Lọ́la, kí ọjà tó kún, ọmọ kan yóò dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ita-Djèbou nígbà tí agogo ilé ẹ̀kọ́ ń lù. Ẹ dúró, kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé: "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun? Kí ló dé tí o kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́?"